Ọ̀nà Tí Ó Lọ Sí Arò

Àdúgbò kan wà ní Abẹ́òkúta tí àwa Yorùbá ti sọ orúkọ rẹ̀ di èébú. Bí àgbàlagbà bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ẹni tí ó wà nítòsí a máa bi í pé, "Ṣé Arò ni kí a gbé ọ lọ ni?" Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n ń sọ ọ́ ní Èkó, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta rárá. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èébú náà lẹ́nu àwọn ará Arò fúnra wọn. Lójú tiwọn, àdúgbò ni àdúgbò wọn: ilé ìwòsàn ńlá kan wà níbẹ̀, odò Ògùn kò jìnnà, ọjà Láfẹ́nwá sì wà nítòsí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo gbé láàrin wọn fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni mo bá lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo bá lọ. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, ó sì wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, níbi tí ó ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ni àkọ́bí, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wọ yunifásítì nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kan ní Mọníyà kí owó ilé ẹ̀kọ́ náà tó pé. Gbogbo wa ni a mọ̀, ọmọ náà pàápàá mọ̀ jù wá lọ, nítorí kò sí ìpàdé ẹbí kan tí a kì í ti mẹ́nu ba ilẹ̀ yẹn.

Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó pè mí lóru. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Kò sùn láti ọjọ́ márùn-ún, kò jẹun, kò sì lọ sí kíláàsì láti oṣù tó kọjá. Ó ní àwọn olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ òun lórí rédíò. Lónìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ìwé rẹ̀ fún wa, ó ní òun kò ní í nílò wọn mọ́." Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni ó gbé mi dìde lórí ibùsùn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé ọgbà wọn. Ní ilé ìtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ náà, oògùn ibà ni wọ́n fún un, wọ́n ní kí ó lọ sinmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì mú ọmọ mi lọ sílé.

Ìpàdé tí a ṣe ní ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹnìkan ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnìkan ní igbó ni ó ń mu. Ẹlòmíràn dárúkọ ibi àdúrà kan tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ títí ara wọn yóò fi balẹ̀. Èmi náà gba àdúrà gbọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gba ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ gbọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ Arò, gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí, ó ní, "Àbúrò mi, bí a bá gbé ọmọ yìí dé Arò, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún un láti fẹ́?"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí a rí ọkọ ìyàwó ná, kí a tó máa wá ìyàwó."

Ìyá ọmọ náà ni ó dìde. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó wọ yàrá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì. Ẹsẹ̀ ń dùn ún púpọ̀ lákòókò náà, kò lè rìn jìnnà. Èmi, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì ṣeé gbé kiri. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe já lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni ó lọ sí Abẹ́òkúta láti Ìbàdàn: títì àtijọ́ tí ó gba Ọ̀mi-Adío àti Bákàtárì, àti ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021. Ojú irin yá ju títì lọ, ṣùgbọ́n a kò lè mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ wọ ààrin èrò, nítorí náà a háyà ọkọ̀. Títì náà kò dára. Lẹ́yìn Ọ̀mi-Adío, igbó kòkó àtijọ́ àti oko ẹ̀gẹ́ ni ó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ènìyàn bá sì ti wọ ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, ilẹ̀ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun. Àpáta ńláńlá a máa yọ orí láàrin oko, dúdú, ó ń dán, bí ẹ̀yìn erin tí ó dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń fọ́ òkúta wà, eruku wọn a sì máa bo ewé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé a ń súnmọ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní abẹ́ òkúta.

Ọmọ náà jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a kọjá Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ ni ó bi mí pé, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?" Mo ní, "N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwọ ń gbọ́ ọ. Mo wà níbí." Ó mi orí. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí ènìyàn bá aláìsàn jiyàn lórí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́, kò sì yẹ kí ó díbọ́n pé òun náà ń gbọ́ ọ.

Ní nǹkan bí 1830 ni àwọn Ègbá dé abẹ́ àpáta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ni ó ṣáájú wọn. Ogun ni ó lé wọn kúrò nínú àwọn ìlú wọn tí ó wà káàkiri igbó, wọn kò sì wá tẹ ìlú dó kí wọ́n lè gbayì. Ibi tí orí lè sá pamọ́ sí ni wọ́n ń wá. Ìlú tí àwọn asáàsálà tẹ̀ dó ni. Mo ti mọ ìtàn yìí láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn kà á, ọ̀tọ̀ ni kí ó gba abẹ́ àpáta kan náà kọjá pẹ̀lú ẹni tí ohun tí a kò rí ń lé. A la ìlú já, a gun afárá Láfẹ́nwá kọjá odò Ògùn, a sì forí lé Arò.

Ohun tí mo ń retí ni ògiri gíga àti ariwo. Ọgbà tí ó tẹ́jú ni mo bá, igi pọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì jókòó lórí bẹ́ńṣì bí wọ́n ti máa ń jókòó ní ilé ìwòsàn gbogbo: ìyá kan tí ó ń pọn ọmọ, alàgbà kan tí ó wọ agbádá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi fóònù wo bọ́ọ̀lù. N kò lè mọ èwo ni aláìsàn, èwo ni ẹni tí ó sìn ín wá. Dókítà obìnrin kan ni ó gbà wá. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bi í nípa oorun, oúnjẹ, ìwé kíkà, ohùn tí ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó bi í gbangba pé, "Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọkàn mi já. Dókítà kò fò sókè, kò sì bá a wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òtítọ́, ó sì ń bá ìbéèrè lọ bí ẹni tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ ibà. Nígbà tí ó kù èmi àti òun, ó ṣàlàyé fún mi pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ìtura ni ó sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tí ó ti ń dá gbé ẹrù náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kò sí igbó níbẹ̀, kò sí oògùn olóró kankan. Mo fi èsì náà ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi wà nínú ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí, dókítà ní ó lè máa ti ìta wá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹnìkan bá lè wà pẹ̀lú rẹ̀, tí oògùn yóò sì máa wà lọ́wọ́ ẹni náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ. Mo gba yàrá kan nítòsí lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mo ṣe yìí ti pẹ́ ní àdúgbò náà ju ọjọ́ orí mi lọ.

Màmá onílé ni ó kọ́kọ́ pa ìtàn náà fún mi, mo sì wá ìwé kà sí i. Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wá sílé gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ọpọlọ nígbà tí irú wọn kò tíì pọ̀ ní Áfíríkà. Kí ó tó dé, ibi tí ìjọba ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí ní Abẹ́òkúta ni Lántòro, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí wọ́n yí padà ní 1944. Ní 1954, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sí Arò, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Lámbò kò dúró de ògiri. Ó lọ bá àwọn baálé abúlé tí ó yí Arò ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé wọn. Àwọn ará abúlé gbà, wọ́n sì ń gba owó ilé. Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹbí kan, ó kéré tán, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì sìn ín padà. Ní ìrọ̀lẹ́, aláìsàn a wà láàrin àwọn tí ń lọ odò, tí ń ta ayò, tí ń lu ìlù. Lámbò bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú, ohun tí àwọn kan bú u fún. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo abúlé wọ̀nyí. Ní 1961, àpérò àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ni Lámbò di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Nínú gbogbo oyè wọ̀nyí, òfin ẹbí yẹn ni ó mú mi lọ́kàn jù. Ọkùnrin tí ó ka ìwé dé òkè òkun wo ohun tí ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀, ó sì sọ ọ́ di apá kan ìtọ́jú. Mo lérò pé ó yẹ kí a máa fi orúkọ Arò yangàn.

Ọmọ Lámbò kọ́ ni ó kàn wá, ọmọ tiwa ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nira. Oògùn náà mú ohùn wọ̀nyẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó sì ń sùn bí ẹni tí wọ́n sin. Ó ní òun kò ní í lò ó mọ́. Dókítà sọ fún wa pé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já oògùn sílẹ̀ nìyí, tí àìsàn fi ń padà wá pẹ̀lú agbára. Ó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì fi òmíràn kún un fún gbígbọ̀n ọwọ́. Láàárọ̀, màmá onílé a ro láfún, a sì gbọ́n ewédú sí i, nítorí Ègbá ni wọ́n, láfún kì í sì í wọ́n nílé wọn. "Jẹun, ọmọ mi," ni wọn yóò wí fún un, "oògùn kì í bá ikùn òfìfo ṣọ̀rẹ́." Wọn kò bi í léèrè ohun tí ó ṣe é rí. Wọ́n á ní kí ó bá àwọn pọn omi, kí ó bá àwọn ṣa ewédú. Mo rí i pé pípọn omi yẹn ṣe é lóore ju ọ̀rọ̀ ìtùnú mi lọ. Ẹni tí ó ti ń rò pé òun kò wúlò mọ́ ni wọ́n rán níṣẹ́, tí ó sì jẹ́ ẹ.

Àwọn tí ń pè lórí fóònù yàtọ̀. "Ọkùnrin ni ẹ́, mọ́kàn le." "Gbàgbé ẹ̀." "Àwọn tí ìyà jẹ jù ẹ́ lọ ńkọ́?" Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa sú lẹ́yìn ìpè bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba fóònù náà fúnra mi, mo ń sọ pé ó ń sùn. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ tí mo ń ka ìtàn Arò kiri ni mo bá nǹkan kan pàdé tí mo kà sí i létí. Oníṣègùn kan ará Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní òpin àwọn ọdún 1950. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: orí ń gbóná bí iná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí bí èèrà, ojú ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ní orúkọ fún un, brain fag. Ní 1960, Prince kọ ọ́ jáde. Ó rò pé kíkàwé lọ́nà ti Yúróòpù, tí ènìyàn ń dá jókòó lóru, tí ó sì ń dá ru ẹrù náà, kò bá àṣà ìgbé-ayé àjùmọ̀ní tí wọ́n ti wá mu. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò kà á sí àìsàn ọ̀tọ̀ mọ́; wọ́n ní ìdààmú ọkàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ni ó wọ aṣọ mìíràn. Ọmọ náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé. Ó ní, "Ìyẹn ni pé láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe báyìí?"

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ní òun fẹ́ gun Olúmọ. A rọra lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. A gba àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, a kọjá ihò tí àwọn Ègbá sá sí nígbà ogun, níbi tí kòtò tí àwọn obìnrin fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára àpáta. Lókè, gbogbo ìlú wà lábẹ́ wa, páànù pupa títí dé odò. Ó jókòó, ó sì bi mí láìwo ojú mi pé, "Àǹtí mi, èló ni wọ́n ta ilẹ̀ Mọníyà yẹn?"

Mo sọ iye rẹ̀. Ó ní láti ọdún kejì ni òun ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ méjì, òun kò sì lè sọ, nítorí ní gbogbo ìgbà tí òun bá ṣí ìwé, ilẹ̀ yẹn ni òun ń rí, òun ń ṣírò iye ẹsẹ̀ bàtà tí òun ti jẹ nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè sọ fún bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní Sátidé kejì. Ó ti ń fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ rí, ó sì fi fìlà bo ojú títí ó fi wọlé. Ó jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé màmá onílé. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀ ni mo tà. N kò ta ọmọ." Lẹ́yìn náà ó bèèrè omi, ó sì mu ún tán kí ó tó tún lè sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilẹ̀ náà ní ìpàdé wa.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò gba omijé, ìwé ni ó gbà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá ní ọ́fíìsì ní kò sí ohun tí ó jọ ìsinmi fún àìsàn ọpọlọ. Mo mú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn jáde, mo fi ojú ìwé tí ó wà hàn án: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní ìwé dókítà lè dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan láìpàdánù àyè rẹ̀. Kò kọ irú àìsàn tí ó jẹ́ síbẹ̀. Mo dámọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wà ní irú ipò yìí kí ó ka ìwé yẹn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023. Òfin àwọn amúnisìn ti 1916, tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè, ni a ń lò kí ó tó dé. Mo ka ìyẹn náà sí i létí. Ó bu ọwọ́ lu ìwé mi.

Ó ti padà sí yunifásítì báyìí, ó ń tún ọdún kẹta ṣe. Ó ṣì ń lo oògùn, ìwọ̀nba díẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó pè mí lóru ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣì jọ ń gbé. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ní sáà tó kọjá tí oorun tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pè mí, a sì lọ rí dókítà kí ó tó di ńlá. Ní oṣù méjìméjì ni ó ń lọ sí Arò, kò sì nílò kí n sìn ín mọ́. Á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọníyà, á sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, á wọ ọkọ̀ lọ sí Arò, á sì yà kí màmá onílé kí ó tó padà. Wọn kì í jẹ́ kí ó padà lọ́wọ́ òfo, láfún mi ni.

Ní ìgbà tí ó lọ kẹ́yìn, ó pè mí láti inú ọkọ̀. Ó ní òun kọjá lára ilẹ̀ bàbá òun nígbà tí òun ń lọ sí ibùdó, wọ́n ti kọ́ ilé sórí rẹ̀. Mo dákẹ́, mo ń dúró de ohun tí yóò sọ. Ó ní, "Àǹtí mi, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún kò dára rárá. Àwọ̀ ewé, pẹ̀lú géètì pupa."

Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní màmá ti fún òun ní láfún.